Ògiri Aláwọ̀ Eérú: Èyí Tó Mọ́ àbí Èyí Tó Dúdú?

Láti ìgbà tí òjò ti ń múra àtilọ ni ọ̀rọ̀ ògiri ilé wa ti gbà mí lọ́kàn. Ohun téèyàn ń jí wò láràárọ̀, tó tún ń wò kó tó sùn, kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀dà tó wà níbẹ̀ ti ṣá, ọwọ́ àwọn ọmọ ti ya oríṣiríṣi nǹkan sí i, òjò sì ti gba ojú fèrèsé kan wọlé, ó fi àmì sílẹ̀. A ti fẹnu kò pé àwọ̀ eérú la máa kùn. Irú eérú tó máa jẹ́ ni kò tíì yé wa. Èmi ń fẹ́ èyí tó mọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun. Ọkọ mi ń fẹ́ èyí tó dúdú, èyí tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní ṣákóòlù. Èyí wù mí kò wù ọ́ lọmọ ìyá méjì fi ń jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n pálọ̀ kan ṣoṣo la ní.

Ẹni tó bá ń gbé Akọ́bọ̀ n'Ìbàdàn níbí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Táìlì áàṣì, àga áàṣì, kọ́tìnì áàṣì, ògiri áàṣì, POP funfun lókè: bí ọ̀pọ̀ ilé tuntun ṣe rí nìyẹn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Àwọ̀ náà dára, ara máa ń tuni níwájú rẹ̀, kì í sì í bá ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ jà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bí mo ṣe ń ka ìmọ̀ràn tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ́ pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹnì kan á ní eérú tó mọ́ ló ń jẹ́ kí yàrá fẹ̀ lójú. Ẹlòmíì á ní eérú tó dúdú ló ń jẹ́ kí yàrá ṣeé jókòó sí pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Olúkúlùkù ló ní àwòrán tó rẹwà tó fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè lọ́wọ́ mi pé àwọn wo ló máa gbé inú yàrá náà.

Oòrùn wọn lọ́tọ̀, tiwa lọ́tọ̀

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn wọ̀nyẹn ti ń wá. Wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ mọ ibi tí fèrèsé rẹ kọjú sí. Tó bá jẹ́ àríwá ni, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé máa fà sí búlúù, yàrá á tutù lójú, nítorí náà wá eérú tó ní yálò nínú. Tó bá jẹ́ gúúsù ni, èyí tó bá wù ọ́ ni kí o kùn. Òótọ́ ni, lọ́dọ̀ wọn. Lọ́ńdọ̀nù wà ní ìwọ̀n 51 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, bó bá sì ti di ọ̀sán gangan, apá gúúsù ni oòrùn wọn ń wà látọdún dé ọdún. Ìwọ̀n 7 péré ni Ìbàdàn wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí wa ní àtàrí, nínú oṣù kẹrin àti nínú oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹfà, apá àríwá ló ń gbà kọjá. Tó bá di oṣù Kejìlá, ó ti bọ́ sí gúúsù. Fèrèsé tí oòrùn kò yà sí nígbà ọyẹ́ lè máa rí i nígbà òjò.

Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló ń ya yàrá sọ́tọ̀ ní tiwa. Ìwọ̀-oòrùn ni pálọ̀ wa kọjú sí. Láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ rọra ń wọlé ni, eérú tó mọ́ á sì fà sí búlúù. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, oòrùn á gba àárín irin fèrèsé wọlé, á dùbúlẹ̀ sórí ògiri, àwọ̀ kan náà tó tutù láàárọ̀ á wá pọ́n díẹ̀. Eérú tó dúdú kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú láti òwúrọ̀, irú ọjọ́ tó pọ̀ nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, òun ló kọ́kọ́ ń sọ yàrá di òru.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ní ìwọ̀n kan fún bí àwọ̀ ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó, LRV ni wọ́n ń pè é. Dúdú tí kò dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà ni 0, funfun tó dá gbogbo rẹ̀ padà ni 100. Ọ̀kan nínú àwọn eérú tó mọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù ni Agreeable Gray ti Sherwin-Williams. 60 ni LRV rẹ̀. Iron Ore, láti ilé iṣẹ́ kan náà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. 6 ni tirẹ̀. Ìyẹn ni pé bí gílóòbù kan bá tan ìmọ́lẹ̀ sára ògiri méjèèjì, èyí tí ògiri àkọ́kọ́ dá padà fún ẹ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èkejì. Ní ìlú tí iná kì í lọ, ìyẹn lè má jọ nǹkan kan. Nílé tiwa, tí ínfátà àti sólà ti ń gbé wa láti alẹ́ mọ́jú, ògiri tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ń gbé owó mì. Gílóòbù kan tó tó pálọ̀ tó mọ́ kò ní tó pálọ̀ tó dúdú.

Gílóòbù fúnra rẹ̀ tún ń ṣe tirẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lára páálí rẹ̀ tí lẹ́tà K ń tẹ̀ lé. Èyí tó bá jẹ́ 6500K, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, ó fà sí búlúù, ó sì máa ń jẹ́ kí eérú tutù lójú. Èyí tó bá jẹ́ 3000K pọ́n, ó ń mú ara eérú náà yá. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kun ilé níyànjú pé kó kọ́kọ́ mọ gílóòbù tó fẹ́ máa lò kó tó ra ọ̀dà. Ọ̀dà wọ́n ju gílóòbù lọ.

Àwọn ará àdúgbò kan sọ fún wa pé ògiri dúdú máa mú ilé gbóná. Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú àríyànjiyàn wa. Páànù orí ilé àti ògiri ìta tí oòrùn ń pa ni ooru ń gbà wọlé. Àwọ̀ ògiri inú ilé, tí oòrùn kì í sábà bà, kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún un.

Dúdú díẹ̀, yálò díẹ̀

Pẹ́ńtà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Kò dúró de ẹ̀rọ tó ń po ọ̀dà, ọwọ́ ló fi ń pò ó. Ó ṣí ẹ̀múlṣọ̀n funfun lítà 4 kan, ó mú ìgò kékeré tí àwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, ó ń kán an sí i lẹ́kán-lẹ́kán, ó ń fi igi rò ó. Gbogbo wa dúró tì í. Ọ̀dà náà kọ́kọ́ là bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà náà yí, ó fẹ̀, ó parẹ́. Nígbà tó fi igi gbé díẹ̀ sókè, kì í ṣe eérú tí a ní lọ́kàn la rí. Ó fà sí búlúù.

"Mọ́mì, bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ló sọ. "Dúdú àti funfun nìkan, á tutù. Ẹ jẹ́ kí n bá a fi yálò sí i."

Yálò tó kán sí i kò tó nǹkan. Ó tún rò ó, búlúù náà sì lọ. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó, ó ń yà mí lẹ́nu pé ohun tí ojú ń pè ní eérú lásán ní yálò nínú. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fa díẹ̀ sára páálí, ó sì kìlọ̀ fún wa pé ká má tíì sọ ohunkóhun títí yóò fi gbẹ, nítorí pé ẹ̀múlṣọ̀n máa ń mọ́ nígbà tó bá tutù, tó bá gbẹ tán ló ń dúdú sí i. Ó kun ún lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó dúdú náà. Ó ní ká máa gbé páálí méjèèjì káàkiri ilé láti àárọ̀ dalẹ́, ká má lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú kan.

A gbé wọn káàkiri lóòótọ́. Mo gbé wọn sẹ́yìn tẹlifíṣàn, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Èyí tó mọ́ ń wù mí sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó dúdú, kí n má parọ́, ó dára lẹ́yìn tẹlifíṣàn, ó jẹ́ kí ojú simi lára gbogbo wáyà àti àpótí dúdú tó wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní páálí kò tó ohun tí èèyàn lè fi dájọ́, pé kí pẹ́ńtà kun ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ògiri gan-an ká rí i. Pẹ́ńtà kun èyí tó mọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó dúdú kù díẹ̀ nínú ike, ó sì lò ó tán sára férémù ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Ọwọ́ Màmá lára ògiri

Màmá mi ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní àkókò yẹn. Gúlókómà ti ń bá ojú wọn fínra láti bí ọdún mélòó kan. Oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sójú ní alaalẹ́ kí ìfúnpá inú ojú má baà lọ sókè, dókítà sì fẹ́ máa rí wọn déédéé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń ráhùn. Bí o bá wọlé, wọ́n á ti dárúkọ rẹ kí o tó kí wọn, ohùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Àlejò tó bá jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan lè má mọ̀ pé wọn kò ríran dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí pẹ́ńtà kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, NẸ́PÀ ti mú iná lọ, iná ínfátà kan ṣoṣo ló ń tàn níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Màmá jáde láti yàrá wọn, wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé ògiri bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ yẹn kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Wọ́n ń fà á lọ lára ògiri, ìka wọn ń tẹ ọ̀dà tuntun náà jẹ́jẹ́. Wọ́n dé ibi ilẹ̀kùn yàrá ẹrù, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ògiri lójú iná yẹn, ọwọ́ wọn rọ́ lọ lórí férémù, ó kọjá lára ilẹ̀kùn, ó tún padà sórí ògiri. Ojú wọn kò yà síbẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n dúró. Ọwọ́ wọn kúrò lára ògiri. Wọ́n rìn gbọnrangandan lọ sí ibi tí férémù dúdú yẹn wà, láìfọwọ́ kan ohunkóhun, wọ́n sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú ní ẹ̀ẹ̀kan náà.

Mo pè wọ́n. "Màmá, kí lẹ rí?"

"Mo rí ilẹ̀kùn."

"Ṣé ẹ kì í rí i tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mo mọ ibi tó wà." Wọ́n yíjú sí mi. "Mímọ̀ lọ́tọ̀, rírí lọ́tọ̀, ọmọ mi."

Ọkọ mi ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Mo ní kí Màmá bá wa rìn yí ilé ká, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń rí àti ohun tí wọn kò rí. Wọ́n gbà. Wọ́n rí tábìlì àárín pálọ̀ nítorí pé igi tó pọ́n ni. Wọ́n rí tẹlifíṣàn. Wọ́n rí aṣọ ilé-ìwé àbíkẹ́yìn wa tó wà lórí okùn. Wọn kò rí súwíìṣì kankan: gbogbo wọn funfun, ògiri náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Wọn kò rí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà láàárín pálọ̀ àti ibi ìjẹun, táìlì áàṣì lórí táìlì áàṣì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá a. Wọn kò rí ibi tí ìjókòó àga pin sí, torí pé àga àti ilẹ̀ jọ jẹ́ àwọ̀ kan náà, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́ ọ wò kí wọ́n tó jókòó. Nínú balùwẹ̀, ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ funfun wà níwájú táìlì funfun. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n jẹ́ ká dúró ná.

Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Látọjọ́ yẹn ni àríyànjiyàn èmi àti ọkọ mi ti yí padà. A kò béèrè mọ́ pé èwo ló dára jù nínú méjèèjì. Ìbéèrè wa di pé kí ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ni.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní Paris, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Michel Eugène Chevreul ló ń bójú tó iṣẹ́ aró ní ilé iṣẹ́ Gobelins, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ olówó iyebíye. Àwọn èèyàn wá ń fẹjọ́ sùn pé aró dúdú wọn kò dúdú tó. Ó yẹ òwú náà wò, kò rí àbùkù kan. Nígbà tó yá ló rí i pé àwọ̀ tí wọ́n hun mọ́ ọn, búlúù àti àwọn tó jọ ọ́, ló ń mú kí dúdú náà ṣá lójú. Ó kọ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1839, àwọn ayàwòrán sì lò ó gan-an. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́, àwọ̀ pẹ̀lú máa ń gba ìwà ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eérú tó mọ́ tí a gbé síwájú férémù dúdú á tún mọ́ sí i. Eérú kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ POP funfun á dà bí ohun tó dọ̀tí.

Kì í ṣe rírí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni nìkan ni gúlókómà ń mú lọ. Ó tún ń dín agbára tí ojú fi ń ya àwọ̀ méjì tó sún mọ́ra sọ́tọ̀ kù, nígbà tí ẹni náà ṣì lè ka lẹ́tà ńlá lára ògiri dókítà. Àrùn yìí pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dunni tó fi máa ń ba nǹkan jẹ́. Ìlànà àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ilé tí gbogbo èèyàn lè lò, BS 8300, ní kí LRV nǹkan méjì tó bá pàdé, bí ilẹ̀kùn àti ògiri, fi 30 jura wọn lọ kí ojú tó ti rẹ̀ tó lè rí ààlà. Bí ògiri bá jẹ́ 60, kí ilẹ̀kùn má kọjá 30. Eérú tó mọ́ àti eérú tó dúdú jọ wúlò nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni jáwé olúborí.

Ohun kan tó wú mi lórí ni pé àwọn ìyá wa ti ń ṣe é. Ní agboolé wa, àwọn obìnrin máa ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri, ó máa ń gbẹ di dúdú, òkè ògiri á sì wà ní àwọ̀ amọ̀. Ní ilé-ìwé ìjọba tí mo lọ, gílóòsì tó dúdú ni wọ́n kùn láti ilẹ̀ dé ìgbáròkó, ẹ̀múlṣọ̀n tó mọ́ ló wà lókè. Wọ́n ní torí ìdọ̀tí ni, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ó tún fún ojú ní ìlà kan tó lè tẹ̀ lé. Àwa tí a wá ń kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, a pàdánù ìlà yẹn.

Ohun tí a ṣe nìyí. Ògiri pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá Màmá di eérú tó mọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn, férémù, àti táìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìsàlẹ̀ ògiri ká di eérú tó dúdú. Ní ibi súwíìṣì kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńtà fi ọ̀dà dúdú ya igun mẹ́rin yí i ká, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Mo ti rí i pé àwọn àlejò kan rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ mi gba ògiri ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, ó kun ún ní ṣákóòlù, inú rẹ̀ sì dùn. Màmá kò ní ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀.

A kò lo gílóòsì lára ògiri. Ojú tí gúlókómà bá ń bá jà kì í fẹ́ ohun tó ń dán, ìmọ́lẹ̀ tó bá ta pàdà lára gílóòsì máa ń pa irú ojú bẹ́ẹ̀. Sátíìnì, ọ̀dà tí kò dán tó gílóòsì, la lò fún ilẹ̀kùn, nítorí pé ó ṣeé nù. Ṣákóòlù ẹ̀yìn tẹlifíṣàn jẹ́ èyí tí kò dán rárá, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé òun ló ń fún mi níṣẹ́ jù nígbà ọyẹ́: eruku pupa ń hàn lára rẹ̀, ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún á tún fi àmì funfun sí i. Aṣọ tútù, kí o má tẹ̀ ẹ́. Eérú tó mọ́ kì í fi eruku hàn bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ dòdò ló ń fi hàn.

Ohun tó wà nílẹ̀ ló gba ìṣọ́ra jù. Rọ́ọ̀gì dúdú kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn, mo máa ń tẹ́ ẹ síwájú àga. Lórí táìlì tó mọ́, ó lè dà bí ihò lójú ẹni tí kò ríran dáadáa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fẹ́ fò ó tàbí kí ó kọ̀ láti kọjá. A ká a kúrò.

Bí o bá fẹ́ yẹ ilé tìrẹ wò láìsí ẹ̀rọ kankan, ya fọ́tò yàrá náà pẹ̀lú fóònù rẹ, kí o sì yí i sí dúdú àti funfun. Wo ibi tí ilẹ̀kùn wà. Wo súwíìṣì, wo etí àtẹ̀gùn, wo ìjókòó àga. Èyí tó bá sọnù nínú fọ́tò yẹn ti ń sọnù lójú ẹnì kan.

Ilé tí à ń kùn fún fọ́tò

Mo ń ronú nípa gbogbo àwòrán tí mo wò kí Màmá tó dé. Kò sí èèyàn nínú wọn. Ojú ọ̀sán ni wọ́n yà wọ́n, fèrèsé ńlá, ewéko kan nínú ìkòkò, bóyá ìwé méjì lórí tábìlì. Ẹ̀bẹ̀ tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí o wò ó. Ilé tí mò ń gbé, aago méjì òru lẹnì kan ń dìde nínú rẹ̀ láti lọ tọ̀.

Púpọ̀ nínú wa ló ti ń mú àwọn òbí wa kúrò ní ìlú báyìí. Ìdí ni pé ilé ìwòsàn jìnnà sí wọn, tàbí pé kò sẹ́ni tó kù tó lè máa bá wọn sùn nílé. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, ọwọ́ wọn ló kọ́ ọ, wọ́n lè rìn ín nínú òkùnkùn biribiri. A wá mú wọn wá sí ilé tí a kun ní àwọ̀ kan, l'Ákọ́bọ̀ tàbí ní Lẹ́kí, àwọn mìíràn sì lọ jìnnà tó Peckham tàbí Houston. Láàárín oṣù mélòó kan, a ó máa sọ pé Màmá ti ń rẹ̀, Bàbá kò jáde ní yàrá mọ́. Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn ni wọn kò rí. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo sì gbà pé ó kan ọ̀dà náà: ká wo àwọn tó ń gbé inú ilé, ojú tí wọ́n ní, àti wákàtí tí wọ́n ń dìde, ká tó ṣí ike ọ̀dà.

Mi ò sọ pé kí ẹwà má ṣe jẹ wá lógún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Férémù dúdú lára ògiri tó mọ́ ní ìdúró tirẹ̀, èmi tí mo ń bẹ̀rù ṣákóòlù náà ti ń fẹ́ràn rẹ̀ ní ibi tó bá ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹwà tí kò jẹ́ kí ìyá mi rí súwíìṣì kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Kọnkéré lásán ni, gbogbo rẹ̀ jẹ́ eérú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kò lè mọ ibi tí ìgbésẹ̀ kan pin sí bí kò bá fẹsẹ̀ wá a. Pẹ́ńtà fẹ́ fi yálò ya ìlà sí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkọ mi ní funfun ló máa hàn jù lálẹ́. A ti ní kó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àtẹ̀gùn méjì tó wà lókè ní Sátidé, Màmá ló sì máa sọ èyí tó máa dúró.